Àkàrà Àlá Tí N Kò Lá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìṣòro àwọn ẹlòmíràn níbí. Mo máa ń jókòó sórí àga mi, màá dá ẹjọ́ wọn, màá ní, "Obìnrin yìí mà burú o," bí ẹni pé èmi kò ṣẹ̀ rí. Lónìí, ó kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá tèmi.

Àlá ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo lá àlá kan. N kò lá a. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, àlá náà sì ti di ọmọ ilé wa. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dọọdún ni a ń dín àkàrà nítorí rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ń dúró nídìí epo gbígbóná.

Bí ó bá ṣe tèmi nìkan ni, ǹ bá gbé e wọ sàréè. Ayé mi dùn, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo fi dí bàbá lọ́nà nígbà náà ti wá ń dí ọmọ lọ́nà báyìí. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan. Ìdí rèé tí mo fi wọ awò ojú mi tí mo gbé bíírò.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Aránṣọ ni mí, ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù mi wà kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ọmọ Oǹdó ni ọkọ mi. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa igbó àti pákó ni ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn igi ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá wọ ilé onílé, tábìlì ni yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa kí ó tó kí ẹni tó ni ilé.

Ìgbà ìjọba ológun ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí nǹkan le koko. Owó oṣù kì í dé lásìkò. Bí ó bá dé, ọjà ti gun òkè kọjá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ á tì, á ṣí, á tún tì. Àwọn olùkọ́ tí a mọ̀ ní onítáì ń fi mọ́tò ara wọn ṣe kabukábù láàárín Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Èmi ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, mo sì ń tú aṣọ àgbà tún rán fún ọmọdé, nítorí kò sẹ́ni tó ń ra tuntun.

Ni ọkọ mi bá rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Gáná, ọdún méjì péré. Ó lọ. Èmi àti Fọlákẹ́, ọmọ wa kan ṣoṣo nígbà náà, kù sí Àkúrẹ́. Lẹ́tà ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ó ti dárúkọ òkè kan. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kó lọ síbẹ̀ láti wo igi. Ó ní tútù ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìkùukùu a sì máa wọ yàrá láàárọ̀ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó ní baálẹ̀ abúlé náà fẹ́ ta ilẹ̀ díẹ̀ fún òun. Ó fẹ́ fi pákó kọ́ ahéré kan síbẹ̀, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa lọ sinmi níbẹ̀ nígbà tí iléèwé bá gba ìsinmi gígùn. Ó ya ahéré náà sí ẹ̀yìn lẹ́tà. Ó ya èmi náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nídìí maṣíìnì.

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ní Oǹdó, ọkọ mi ní ilé kan tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó kọ́ ọ dé ojú fèrèsé, ó dúró. Ewúrẹ́ àdúgbò ló ń gbé inú rẹ̀. Bí a bá lọ fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, àwọn èèyàn rẹ̀ á máa bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ìyàwó, ìgbà wo lẹ máa lé àwọn àyálégbé yín jáde?" Ewúrẹ́ ni wọ́n ń pè ní àyálégbé. Ojú a máa tì mí. Irú wa ló wá fẹ́ kọ́lé sórí òkè ní ìlú onílùú?

Èkejì sì ni ti bàbá mi. Gáná ni bàbá mi ti ṣòwò nígbà èwe rẹ̀. Ó kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba wọn ní kí àwọn àjèjì máa lọ, àpótí kan àti kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn ni ó mú dé Àkúrẹ́. Ó kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ náà kọ́. Ní Sátidé, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á fi epo pa á. Bí a bá ní, "Bàbá, kí lẹ ń fi ṣe?" á ní, "Ulé mi wà níbẹ̀." Ó fi epo pa á títí ó fi kú. Abẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn ni mo dàgbà sí.

Mo kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà. Ọkọ mi dá mi lóhùn pé ayé ti yí padà. Ó ní kí n má fi kọ́kọ́rọ́ bàbá mi ti ilẹ̀kùn òun. Ọ̀rọ̀ náà gún mi, n kò parọ́.

Àárín ìyẹn ni ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Oǹdó ni Ìyá ń gbé. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé Fọlákẹ́ pọ̀n, mo lọ tọ́jú wọn. A kọ̀wé pe ọkọ mi, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí lẹ́tà ṣe ń rìn nígbà náà. Kí ó tó dé, Ìyá ti lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni ó ti pàdé mi, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Kò tíì sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Kí ni Ìyá wí?"

Mo ní wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun nìkan ni ọmọkùnrin tí Ìyá bí. Ó ní ìyá òun bínú lọ, pé òun fi í sílẹ̀ lọ máa wo igi kiri. Kò sí ohun tí a wí tó wọ̀ ọ́ létí. A sìnkú tán, a padà sí Àkúrẹ́, kò jẹun dáadáa. Síbẹ̀, ó ní òun á padà lọ parí iṣẹ́, òun á sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ baálẹ̀ kí òjò tó wọlé. Ó ní bóyá orí òkè yẹn ni ọkàn òun á ti balẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń di ẹrù. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un. Mo jókòó. Ẹnu mi kàn là, mo ní, "Bàbá Fọlákẹ́, mo lá àlá."

Mo ní Ìyá ni. Mo ní wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò lórùlé yẹn, wọ́n ró àdìrẹ wọn aláwọ̀ aró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n wí pé, "Sọ fún Akin, ọma mi, n kò bínú pé kò sí nílé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àjèjì kì í ṣe ilẹ̀ àwọn ọmọ mi. Kí ó wá fi òrùlé bo èyí."

Ife ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò tilẹ̀ béèrè nípa ilẹ̀? Ohun tí ó ń wí ni pé, "Wọn kò bínú? Wọ́n ní àwọn kò bínú?" Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó tún ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà kẹta yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti tàn. N kò lè kó o padà mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ó kọ̀wé sí baálẹ̀ pé òun kò rà á mọ́.

Ní ìdílé ọkọ mi, bí òbí tó ti kú bá wá kí ọmọ rẹ̀ lójú àlá pẹ̀lú ẹ̀rín, wọn kì í jẹ́ kí ó lọ lásán. Wọ́n á ṣe oúnjẹ fún àwọn ọmọdé. Ọkọ mi ní àkàrà ni Ìyá fẹ́ràn. Ó ní kí n rẹ ẹ̀wà. Mo rẹ ẹ̀wà, mo bó o, mo gbé e lọ lọ̀, mo dín in. Àwọn ọmọ àdúgbò jẹ, wọ́n ṣàdúrà fún ẹni tó lá àlá. Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Ọdún yípo, ó ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ọjọ́ àlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ọdọọdún. Ọlọ́run kò fi pàṣán nà mí. Ẹ̀wà ni ó ń fi nà mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ kan fún yín, bí ẹ bá tilẹ̀ máa rẹ́rìn-ín pé èmi ni mo ń sọ ọ́. Ayé wa dára. Ọkọ mi parí iṣẹ́ tó kù ní Gáná, ó padà wálé, ó sì fi òrùlé bo ilé Oǹdó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe gbogbo ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, a kó kúrò ní Àkúrẹ́, ilé yẹn ni a sì wà títí di òní. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Ewúrẹ́ ṣì ń wá, bóyá wọ́n rò pé àwa ni àyálégbé. Ní ìrọ̀lẹ́, a jọ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun pẹ̀lú ìwé ìròyìn, èmi pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Bí ó bá ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, á ní, "Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọlọ́run bá mi kẹ́ Ìyá mi." Èmi á máa wo abẹ́rẹ́.

Àlá náà ń dàgbà, ẹ gbọ́. Èmi kò fi nǹkan kan kún un mọ́. Òun ló ń fi kún un. Ìyá ti ní abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Àlùfáà wa ti fi wàásù rí. Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló ti di ọwọ́ mi mú pé, "Màmá, ẹ ní ẹ̀bùn."

Ó wá kan Fọlákẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, Kánádà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni, igi kì í kọjá lójú rẹ̀ lásán. Ní oṣù tó kọjá, ó pè wá lórí fóònù. Ó ní àwọn rí ilẹ̀ kan létí adágún omi, inú igbó, àwọn fẹ́ fi pákó kọ́ ilé kékeré síbẹ̀ kí àwọn ọmọ lè máa lọ lo ìsinmi. Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Ó ní àwọn kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan àyàfi bí Dádì bá gbàdúrà sí i.

Mo ń wo ọkọ mi. Ó gba fóònù, ó fi ìka pa àwòrán náà, níbi tí àwọn igi wà, bí ó ti máa ń pa tábìlì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn igi náà ga, omi sì wà lẹ́yìn wọn, ìkùukùu wà lórí omi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òkè Gáná ni ó ń wò. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò tíì gbàgbé.

Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Fọlákẹ́, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti sọ ọ́. Ilẹ̀ àjèjì kì í ṣe ilẹ̀ àwọn ọmọ wọn. Èmi tí mo gbọ́, ṣé o rí bí ó ṣe yọrí sí rere fún mi?"

Ọmọ mi ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó pe èmi nìkan. Ó ń sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ ibí ń pa èèyàn. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni ara ti tù mí láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n n kò ní tẹ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà mọ́lẹ̀." Ẹni tó ní ilẹ̀ náà ní òun á dúró dè wọ́n di ìparí oṣù yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti ẹlòmíràn.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n inú yín ń rò. Ẹ ń rò pé kí n lá àlá mìíràn. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, mo jókòó tì í nídìí oúnjẹ àárọ̀, mo ní, "Mo tún rí Ìyá lójú àlá." Ẹ ò rí i bí ó ṣe gbé orí sókè! Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, ó wá dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Ó ní, "Wọ́n tún wá? Kí ni wọ́n wí?" N kò lè ṣe é. Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ máa jẹun dáadáa." Ó jẹ isu tán, ó bu òmíràn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìyá òun ní kí òun máa jẹun. Ẹ wò mí bí mo ṣe fi irọ́ lẹ irọ́.

Ẹ óò ní, "Sọ òtítọ́ fún un nígbà náà." Ẹ óò tún ní, "Àbí kí o dákẹ́, nítorí bí o bá gba àlá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, o gba ìdáríjì ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá ka lẹ́tà mi dé ibí yóò rò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹ̀yin náà.

Ìyá sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa, ọjọ́ méjì kí wọ́n tó lọ, ẹnu wọn já gaara. Èmi ni mo ka lẹ́tà orí òkè náà fún wọn. Mo kà á kí wọ́n lè bá mi bínú, kí wọ́n lè ní kí ọmọ wọn má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní kí n fi àwòrán ahéré náà han àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Abà mà ni. Bàbá rẹ̀ ní ilé nílùú, ó ní abà lóko kòkó. Inú abà yẹn ni a ti gbádùn ara wa jù. Ìyàwó mi, sọ fún ọma mi pé n kò bínú pé kò sí nílé, iṣẹ́ ló lọ ṣe. Kí ó ra ilẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ara bá ti tù ú, kí ó sinmi níbẹ̀."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà. Màá jẹ́ iṣẹ́ náà." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Má gbàgbé o."

N kò gbàgbé. Nígbà tí ọkọ mi bi mí lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì, nítorí kọ́kọ́rọ́ ara ògiri àti nítorí ewúrẹ́. Mo jẹ́ kí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sunkún pé ìyá òun bínú lọ. Ìgbà tí ó yá, mo gé iṣẹ́ náà sí méjì bí ẹni gé aṣọ. Mo fi ìdajì tó jẹ́ òtítọ́ ran irọ́ tèmi. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán mi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi kò ní pàdánù ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á tún dùn mọ́ ọn sí i. Fọlákẹ́ á rí ilẹ̀ rẹ̀ rà. Èmi nìkan ni n kò mọ ohun tí màá dà lójú rẹ̀. Ọkùnrin tí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyí, mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò fẹ́ kí ó gbé àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyẹn nìkan ló ń bà mí lẹ́rù, ìyẹn ló sì ti dí ẹnu mi pa láti ọjọ́ yìí.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ àlá. Fọlákẹ́ á pè wá, bàbá rẹ̀ á gbé fóònù sún mọ́ epo kí ó lè gbọ́ bí àkàrà ṣe ń ta, á sì tún ìtàn náà sọ fún un. Mo ti pinnu pé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni màá sọ ọ́. Mo ti ra ẹ̀wà sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ dárí jì mí, ẹ sì bá mi bẹ Ìyá níbi tí wọ́n wà. Ẹ má kọ̀wé sí mi pé kí n dákẹ́. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ kọ́ mi. Ìyókù, Ìyá ti fi rán mi.